Lẹ́tà ṣíṣí sí Àjọ NDPC lórí ohun tí mọ́tò ń kọ sílẹ̀ nípa wa

Sí Ọ̀gá Àgbà àti gbogbo òṣìṣẹ́ Àjọ NDPC, tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣọ́ àkọsílẹ̀ ọmọ Nàìjíríà, ní Àbújá.

Ẹ̀yin àgbà mi,

Mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀. Rewáyà ni mí. Wáyà mọ́tò, brain box (kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀), sẹ́ńsọ̀, rédíò ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ oníkọ̀ǹpútà, tracker: ìdí ìwọ̀nyí ni mo ti ń jẹun. Mo kọ lẹ́tà yìí ní gbangba nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọjá èmi pẹ̀lú yín. Ó kan ẹni tó ni mọ́tò, ó kan ẹni tó ń wa mọ́tò fún ẹlòmíràn, ó tún kan ẹni tó kàn so fóònù rẹ̀ mọ́ rédíò mọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó lè gbọ́ orin dé Ìbàdàn.

Ẹyọ kan ni ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ. Nínú òwò mọ́tò níbí, àkọsílẹ̀ tó yẹ ká pa rẹ́ ni à ń fi sílẹ̀, èyí tó yẹ ká fi sílẹ̀ ni à ń pa rẹ́. Òfin tó lè tún un ṣe ti wà láti 2023, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ àwa tí à ń tú u.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó hàn sójú jù. Tí ẹnìkan bá ra tòkunbọ̀ láti Kútọnu tàbí láti Èkó, tó gbé e wá pé kí n bá òun wo iná tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo máa ń tan rédíò rẹ̀ náà wò. Níbẹ̀ ni màá ti bá orúkọ àwọn fóònù tí wọ́n ti so mọ́ ọn rí. Orúkọ èèyàn gan-an ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, torí pé orúkọ olówó rẹ̀ ni fóònù sábà máa ń jẹ́. Tí mọ́tò náà bá ní máàpù, àdírẹ́sì ilé yóò wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà ilé àti orúkọ àdúgbò, ní ìlú kan ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà. Nínú àwọn mìíràn, gbogbo nọ́ńbà fóònù wọn ló ṣì wà níbẹ̀: ìyá, dókítà, ilé ìwé ọmọ, agbẹjọ́rò, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n pè kẹ́yìn kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ náà lọ fún ẹni tó rà á. Ẹni tó ta mọ́tò yẹn kò mọ̀ pé òun ta ilé òun mọ́ ọn.

Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Tí a bá fi Bluetooth so fóònù mọ́ rédíò, mọ́tò yóò béèrè bóyá kí òun kó nọ́ńbà orí fóònù náà. Ẹni tó fẹ́ máa gba ìpè láì gbé fóònù létí á tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀dà àwọn nọ́ńbà yẹn ti wà nínú rédíò. Tó bá gbé fóònù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ẹ̀dà náà kò bá a sọ̀kalẹ̀. Rédíò mìíràn kì í fi nọ́ńbà náà hàn mọ́ bí fóònù kò bá sí nítòsí, síbẹ̀ ó wà nínú rẹ̀. Yíyọ bátìrì kì í pa á rẹ́, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Berla. Irinṣẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá fi ń fa irú àkọsílẹ̀ yìí jáde nínú mọ́tò ni wọ́n ń ṣe: fóònù tó so mọ́ ọn, ibi tí ọkọ̀ dé, àsìkò tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ ò rí i pé ohun tó wà níbẹ̀ tó ohun tí ọlọ́pàá ń ra irinṣẹ́ lé lórí.

Ẹnìkan lè ní òyìnbó ló ni nọ́ńbà yẹn, kí ló kàn wá? Ó kàn wá nítorí pé mọ́tò kì í dúró sọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Olùkọ́ kan ní OAU yóò lò ó fún ọdún bíi mélòó kan, yóò tà á fún oníṣòwò kan ní Sábó, oníṣòwò yóò tà á fún ẹni tó fẹ́ fi kérò ní Iléṣà. Olúkúlùkù ló so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo bí àwa ṣe ń kọ orúkọ sórí fóònù: "Ọkọ mi", "Mọ́mì Iléṣà", "Bọ̀dá Kánádà", "Alájọ", "Pásítọ̀", "Máníjà báńkì". Ẹni tó bá rí èyí ti mọ ẹni tó ní owó, ó ti mọ ẹni tó ní ọmọ lókè òkun, ó sì ti mọ orúkọ tí òun lè fi pe ìyá àgbà lọ́sàn-án pé wàhálà ti dé, kí wọ́n tètè fi owó ránṣẹ́. Ní ilẹ̀ tí àwọn ajínigbé àti oníjìbìtì ti ń wá irú ọ̀rọ̀ yìí kiri, a kò gbọ́dọ̀ máa kó o lé ẹni tí a kò mọ̀ lọ́wọ́ nítorí pé a ta mọ́tò fún un.

Pípa á rẹ́ kò sì gba nǹkan kan. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò, ibi ìtò rẹ̀ ni wọ́n á wọ̀, wọ́n á tẹ ibi tí wọ́n kọ "Factory reset" sí, wọ́n á dúró díẹ̀. Kò ná owó. Kò bà mọ́tò jẹ́. Àwọn tó ń ta mọ́tò lójú títì wa máa ń fọ ọkọ̀ kí wọ́n tó tà á, wọ́n á kun táyà rẹ̀ ní dúdú, wọ́n á fi òórùn dídùn sí i. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú fífọ̀ náà ni wọn kì í ṣe.

Àkọsílẹ̀ kejì kò hàn sójú rárá. Nínú kọ̀ǹpútà airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń bẹ́ jáde láti dáàbò bo èèyàn nígbà ìjàǹbá), tó sábà máa ń wà nísàlẹ̀ láàárín ìjókòó méjì iwájú, ibi kan wà tó ń rántí ìjàǹbá. Tí ọkọ̀ bá forí gbá nǹkan, á pa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ṣáájú mọ́: eré tí ọkọ̀ ń sá, bóyá awakọ̀ tẹ bíréèkì, bó ṣe tẹ iná tó, bóyá ó de bẹ́líìtì. Amẹ́ríkà ṣe ìlànà lórí èyí ní 2006, ó sì mú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti oṣù Kẹsàn-án 2012, pé èyíkéyìí tó bá ní ẹ̀rọ yìí nínú gbọ́dọ̀ pa àwọn nǹkan kan mọ́ láti ìṣẹ́jú àáyá 5 ṣáájú ìkọlù. Ní ìparí 2024 wọ́n kéde pé yóò di ìṣẹ́jú àáyá 20. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti oṣù Keje 2024, kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n lè tà láìní in. Irú ẹ̀rọ tí ìlànà wọ̀nyí ń sọ kì í gba ohùn sílẹ̀, kì í sì í sọ ibi tí ọkọ̀ wà. Amẹ́ríkà tún ṣe òfin ní 2015 pé ẹni tó ni ọkọ̀, tàbí tó háyà rẹ̀, ló ni àkọsílẹ̀ náà. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ilé ẹjọ́, àyàfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀ tí òfin náà là sílẹ̀.

Ó yẹ kí àkọsílẹ̀ yìí ṣe wá láǹfààní. Tí ọkọ̀ méjì bá gbára wọn ní ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, tẹ́ ẹ bá dé tésàn, ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù, tàbí tó mọ ọ̀gá kan, ni ẹjọ́ sábà máa ń gbè. Awakọ̀ tó tẹ bíréèkì dáadáa, tí kò sáré, kò ní ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà airbag yẹn, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Kí ẹnikẹ́ni tó rántí, panẹ́bítà ti tú ọkọ̀ náà, wọ́n ti ta ẹ̀yà ara rẹ̀.

Ní ti tòkunbọ̀, ọ̀rọ̀ náà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń wọlé ló ti ní ìjàǹbá lọ́hùn-ún. Wọ́n á nà án, wọ́n á kùn ún, wọ́n á rán ojú sìtíárìn níbi tí airbag ti là á. Iná airbag á wá kọ̀ láti kú, torí pé kọ̀ǹpútà ṣì ń rántí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wá ẹni tí yóò fi kọ̀ǹpútà alágbèéká pa ìrántí náà rẹ́. Iṣẹ́ yìí wọ́pọ̀, wọ́n sì ń sanwó rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ náà á rí dáṣíbọ́ọ̀dù tó mọ́ tónítóní, kò ní mọ̀ pé airbag kankan kò sí nínú sìtíárìn níwájú rẹ̀. Bákan náà ni máílì. Wọ́n á fà á sẹ́yìn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n nínú àwọn ọkọ̀ kan, kọ̀ǹpútà mìíràn ti kọ iye náà sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Mo ti fi scanner, ẹ̀rọ tí a fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, wo ọkọ̀ tí ojú rẹ̀ ń pe iye kan, tí inú rẹ̀ ń pe èyí tó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ jù ú lọ.

Ìdí tí mo fi ń bá ẹ̀yin tó ń ṣọ́ àṣírí sọ èyí nìyí. Mọ́tò kò ní àṣírí; èèyàn ló ní in. Pé ọkọ̀ kan ti forí gbá ògiri rí, pé airbag rẹ̀ ti bẹ́, pé ó ti rin máílì báyìí, ara ọkọ̀ ni ìyẹn, ó yẹ kó máa bá ọkọ̀ lọ. Orúkọ ọmọ mi, ilé mi, ilé ìwòsàn tí mo ń lọ, ara mi ni ìyẹn, ó yẹ kó dúró tì mí. Bí ẹ kò bá là á yé àwọn èèyàn báyìí, ẹ máa rí i pé àwọn tó ń pa àkọsílẹ̀ ìjàǹbá rẹ́ yóò fi òfin yín bojú lọ́jọ́ kan. Wọ́n á ní àṣírí ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ ni àwọn ń bò.

Tracker ló kàn, òun ló sì ń dùn mí jù, torí pé ọwọ́ wa níbí ni wọ́n fi ń so ó mọ́ ọkọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni a máa ń fi sí. Ó ń mu iná bátìrì mọ́tò, ó ń gba ibi tí òun wà láti ojú sánmà, ó sì ní síìmù nínú tó fi ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó tà á. Olówó mọ́tò á máa wò ó lórí fóònù. Mi ò bú tracker o. Ẹni tí wọ́n jí mọ́tò rẹ̀ gbé ní Parakin lóru, tó sì rí i gbà kí ilẹ̀ tó mọ́, kò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àbùkù kan nípa rẹ̀, kò sì jẹ̀bi. Èmi náà ń so ó fún àwọn oníbàárà mi.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ni pé, yàtọ̀ sí olówó mọ́tò, ta ló tún ń rí i? Ilé-iṣẹ́ tó ni kọ̀ǹpútà náà ń rí i. Aṣojú wọn tó ta ẹ̀rọ náà lè rí i. Rewáyà tó ṣí àkáǹtì fún oníbàárà mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, bí oníbàárà kò bá sì yí i padà, ó lè máa wò ó fún ọdún pípẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, òkè òkun ni kọ̀ǹpútà tí gbogbo rẹ̀ ń lọ bá wà, ẹni tó ń tà á lọ́jà kò sì lè sọ orílẹ̀-èdè tó jẹ́.

Ní oṣù Keje 2022, àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ BitSight gbé ìwádìí jáde lórí tracker kan tó ń jẹ́ MV720, èyí tí ilé-iṣẹ́ MiCODUS ní Ṣáínà ṣe. Wọ́n ní ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà tó mílíọ̀nù 1.5 lágbàáyé, ní orílẹ̀-èdè 169. Ọ̀rọ̀ aṣínà tó ń bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé-iṣẹ́ ni 123456. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà lè mọ ibi tí ọkọ̀ wà, ó sì lè gé epo ọkọ̀ náà láti ọ̀nà jíjìn. Àjọ ààbò kọ̀ǹpútà ti ìjọba Amẹ́ríkà kéde rẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Nínú àwọn tracker olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà níbí, 123456 yìí ni mo ṣì ń bá lórí púpọ̀ nínú wọn títí di òní. Àwa rewáyà la sì ń so rìléè tó ń gé iná fúẹ̀lì pọ́ńpù mọ́ ọn, torí pé oníbàárà fẹ́ kí òun lè pa ọkọ̀ bí olè bá gbé e. Ẹ ronú ọkọ̀ akérò tó ń sáré bọ̀ láti Iléṣà, tí ẹnìkan tí kò rí ojú ọ̀nà tẹ fóònù, tí ẹ́ńjìnnì kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Tuntun. Ó ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ti lò ó fún ìgbà díẹ̀ nílùú yìí. Bátìrì rẹ̀ ń kú láàárọ̀, ó ti ra tuntun, síbẹ̀ ó ń kú. Ó gbé e wá. Nígbà tí mo ń wá ibi tí iná ń gbà lọ, mo bá tracker lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, síìmù rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Nígbà náà ló wá rántí pé ẹni tó ta ọkọ̀ fún òun ti pe òun rí, tó ń dá àpárá pé Iléṣà ti fẹ́ di ilé òun báyìí. Ó rò pé ẹnìkan rí òun lójú ọ̀nà ni. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ló ń lọ ní Iléṣà, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé ohun tó ń gbé e lọ síbẹ̀.

Mo pe ilé-iṣẹ́ tracker náà pé kí wọ́n ti àkáǹtì yẹn. Wọ́n ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí àkáǹtì nìkan ni àwọn lè bá sọ̀rọ̀. Obìnrin náà mú ìwé ọkọ̀ tó ti di orúkọ rẹ̀ jáde, wọ́n ní ìyẹn kò kan àwọn. Mo gé ẹ̀rọ náà kúrò, iyẹn tán. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó ti dé láti ọjọ́ tó ra ọkọ̀ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà wọn, ẹlòmíràn sì ní àṣẹ láti kà á. Bí ẹni tó ta ilé fún èèyàn bá ṣì mú kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà dání, gbogbo àdúgbò ni yóò bá wa dá sí i. Èyí kò hàn sójú, kò sẹ́ni tó dá sí i.

Ìlú tí a ti mọ ara wa ni Ifẹ̀. Ọkọ̀ tó dúró sí Òkè Ìtasẹ̀, ibi ojúbọ Ifá, ní ọjọ́ Sátidé, tó sì dúró sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, ti sọ nǹkan tí olówó rẹ̀ lè má fẹ́ kí ìjọ rẹ̀ gbọ́. Ọkọ̀ tó ń sùn sí Mọdákẹ́kẹ́ lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ ti sọ nǹkan. Ibi téèyàn ń lọ ni ìgbàgbọ́ rẹ̀, àìsàn rẹ̀, gbèsè rẹ̀, àti ẹni tó fẹ́ràn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rí i nítorí pé ó ta ẹ̀rọ kan fún wa.

Àwọn awakọ̀ tó ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ náà ní ẹ̀tọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo gbà pé ẹni tó ra ọkọ̀ lówó ńlá lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tí ọkọ̀ òun wà lásìkò iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó sọ fún awakọ̀ pé ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Àwọn ọkọ tún máa ń wá bá mi pé kí n fi tracker pamọ́ sínú mọ́tò ìyàwó, àwọn ìyàwó náà ń wá. Mo máa ń kọ̀ ọ́, mo sì mọ̀ pé àwọn mìíràn kì í kọ̀.

Ní ti ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe lókè òkun, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní 2023 àjọ Mozilla yẹ orúkọ ọkọ̀ 25 wò, kò sí ẹyọ kan tó yege lórí ọ̀rọ̀ àṣírí. Lọ́dún yẹn kan náà ni Toyota, tí ọkọ̀ rẹ̀ kún gbogbo ojú títì wa, sọ pé ibi tí ọkọ̀ àwọn oníbàárà bíi mílíọ̀nù 2.15 ní Japan wà ti ṣí sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2013. Ní oṣù Kẹta 2024 ló hàn pé General Motors ń ta bí àwọn èèyàn ṣe ń wakọ̀, bíréèkì òjijì, eré sísá, ìrìn òru, fún àwọn tó ń kó o lọ fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn awakọ̀ náà kò sì mọ̀. Ní oṣù Kìíní 2025, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà kéde àdéhùn pé General Motors kò gbọ́dọ̀ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó àkọsílẹ̀ gbèsè àti ìwà oníbàárà jọ mọ́ fún ọdún márùn-ún. Irú ọkọ̀ tuntun tó ń bá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí ti ń wọ Nàìjíríà, olówó rẹ̀ á sì máa fi fóònù ṣí i. Ẹ bi àwọn tó ń tà á níbí léèrè báyìí ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ, kó tó di pé àwọn oníròyìn òkè òkun ló máa bá wa sọ ọ́.

Òfin wa kò dákẹ́ lórí èyí. Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ti fún ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ àṣírí. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023 ló sọ yín di Àjọ, ó sì sọ pé ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ nípa èèyàn gbọ́dọ̀ ní ìdí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbà ju bó ṣe nílò lọ, kò gbọ́dọ̀ pa á mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Ó fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní àṣẹ láti béèrè ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́, kó sì ní kí wọ́n pa á rẹ́. Bí àkọsílẹ̀ bá tú jáde lọ́nà tó lè pa èèyàn lára, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún yín láàárín wákàtí 72. Gbogbo èyí ló kan obìnrin aláṣọ yẹn. A gbọ́ bí ẹ ṣe bu ìtanràn ₦766 mílíọ̀nù lé MultiChoice, ilé-iṣẹ́ DStv, ní oṣù Keje 2025, nítorí náà mi ò lè sọ pé ẹ kò ní agbára. Ohun tó kù ni pé kí agbára yẹn dé ọ̀nà Ìbàdàn àti Lágéré, níbi tí ẹni tó ń so tracker kò ti mọ̀ pé òfin kan ń bá òun wí.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí ẹ pe gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń ta tracker ní Nàìjíríà, kí wọ́n sọ fún oníbàárà nínú ìwé pélébé, ní èdè tó gbọ́, ibi tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń lọ, ẹni tó ń rí i, àti ìgbà tí wọn yóò pa á rẹ́. Ẹ̀rọ tí kò bá ní jẹ́ kí a yí 123456 padà, kí wọ́n má tà á. Ẹni tó bá mú ìwé ọkọ̀ wá tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kí wọ́n ti àkáǹtì ẹni àtijọ́ fún un láìjanpata, kí wọ́n sì pa ìrìn rẹ̀ rẹ́. Àṣẹ pípa ẹ́ńjìnnì láti orí fóònù kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn.

Ní ti rédíò, kí pípa nọ́ńbà àti àdírẹ́sì rẹ́ di ara ohun tí olùtà mọ́tò gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó gba owó. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ di pépà mìíràn. A ti ní pépà tó pọ̀ tí wọ́n ń dá wa dúró béèrè lójú títì, ẹ sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Olùtà ni kó di ẹrù rẹ̀, kó má di ti ẹni tó ń wakọ̀ lọ jẹ́jẹ́.

Kí ẹ bá FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, àti SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, jókòó lórí àkọsílẹ̀ ìjàǹbá àti máílì, kí gbogbo yín sọ ní ohùn kan pé àṣírí kọ́ ni ìyẹn, àti pé jìbìtì ni pípa á rẹ́ láti fi ta ọkọ̀. Kí ẹ sì sọ ẹni tó lè kà á lẹ́yìn ìjàǹbá àti ẹni tí yóò fún un láṣẹ, kí awakọ̀ tí kò ṣẹ̀ lè rí ẹlẹ́rìí rẹ̀ lò.

Àti àwa fúnra wa, ẹ kọ́ wa. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù wa mọ bí a ṣe ń tú brain box, wọn kò mọ ohun tí òfin sọ nípa ohun tó wà nínú rẹ̀. Òfin yín wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gùn. Ẹ wá sọ ọ́ lórí Orísun FM ní Ifẹ̀, ẹ wá sọ ọ́ ní Iléṣà, ní Yorùbá, lásìkò tí mẹkáníìkì ń gbọ́ rédíò nídìí iṣẹ́. Ẹ pe àwọn olórí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àti ti àwọn olùtà mọ́tò síbẹ̀. Ẹ fún wa ní nọ́ńbà kan tí a lè pè nígbà tí ilé-iṣẹ́ tracker bá sọ fún oníbàárà wa pé ìwé ọkọ̀ rẹ̀ kò kan àwọn.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kan nínú gbogbo èyí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí tracker. Òun ló ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, òun ló sì ń ránṣẹ́ lọ báyìí bí ẹ ṣe ń ka lẹ́tà yìí. Mo ṣe tán láti fi ohun tí mò ń bá nínú ọkọ̀ han ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rán wá, níṣojú olówó ọkọ̀ àti pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Rewáyà kan ní Ilé-Ifẹ̀